Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Afọ̀nàhàn Inú Mọ́tò

Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ń gbé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, a ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò lónìí. Bí ibùdókọ̀ Cele ṣe máa ń rí ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́ fún wa. Ẹ̀kọ́ òní dá lórí ẹ̀rọ afọ̀nàhàn tí wọ́n kàn mọ́ iwájú mọ́tò, èyí tó ń ya àwòrán ọ̀nà, tó sì ń sọ̀rọ̀ pé: "Yà sọ́tùn-ún. Yà sósì." Àwọn kan nínú yín fẹ́ ra tòkunbọ̀ tó ní i. Àwọn mìíràn fẹ́ ra ẹ̀rọ náà lọ́tọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, kí rìwáyà bá wọn fi sí mọ́tò.

Kí ẹ tó sanwó, ohun kan wà tí gbogbo kíláàsì tó ti ka ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú yín máa ń ṣì mú. Nítorí náà, a ó sọ ọ́, a ó sì tún un sọ:

Sátẹ́láìtì kò mọ ọ̀nà. Máàpù ló mọ ọ̀nà.

Ẹ kà á sókè. Ẹ tún un kà.

Iṣẹ́ sátẹ́láìtì

Sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ tí wọ́n jù sókè ọ̀run láti máa yí ayé po. Amẹ́ríkà ló ni àwọn tí à ń pè ní GPS. Ọdún 1978 ni wọ́n ju àkọ́kọ́ sókè. Nígbà tó fi máa di 1995, 24 ti pé síbẹ̀, wọ́n sì ń yí ayé po ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sókè. Rọ́ṣíà, ilẹ̀ Yúróòpù àti Ṣáínà náà ti ní tiwọn báyìí.

Ohun tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń ké ni pé: "Ibi báyìí ni mo wà, aago báyìí ló lù." Ẹ̀rọ inú mọ́tò ń gbọ́ ohùn yìí. Ó ń ṣírò bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà kó tó dé. Tó bá gbọ́ ti mẹ́rin, ó ti mọ ibi tí mọ́tò wà nìyẹn.

Ẹ wo ládàánì tó ń pe ìrun ní ìdájí ní Máfọlúkú. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ládàánì kò rí yín lórí ibùsùn. Kò mọ ẹni tó jí àti ẹni tó ṣì ń sùn. Kò sì bá ẹnikẹ́ni yan ọ̀nà tó máa gbà dé mọ́ṣáláṣí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni sátẹ́láìtì. Kò rí yín. Kò tẹ̀ lé yín. Kò jẹ dátà yín, kò sì gba owó lọ́wọ́ yín. Ibi tí ẹ wà nìkan ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀. Kò mọ ọ̀nà.

Ta ló wá mọ ọ̀nà? Máàpù ni. Èèyàn ló ya máàpù, inú ẹ̀rọ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ọ̀nà tí wọn kò bá yà sínú rẹ̀, ẹ̀rọ kò lè fi hàn yín, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún sátẹ́láìtì ló wà lókè.

Mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà dé

Ẹ jẹ́ ká wo mọ́tò Corolla kan tó ti Amẹ́ríkà dé. Ẹ̀rọ afọ̀nàhàn wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, ẹni tó ń tà á sì ti fowó lé e nítorí rẹ̀. Ẹ tan án. Ọfà kékeré yọ láàárín ojú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kankan lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ òfìfo ni. Ẹ ní kó mú yín lọ sí Ago Palace Way. Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ mú ìpínlẹ̀, ó wá ń to orúkọ sílẹ̀: Alabama, Alaska, Arizona. Èkó kò sí níbẹ̀.

Ṣé sátẹ́láìtì ló bàjẹ́? Rárá. Ẹ̀rọ mọ ibi tó wà. Máàpù Amẹ́ríkà ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá ti Bẹ́ljíọ̀mù dé, máàpù Yúróòpù ló máa gbé wá. Sátẹ́láìtì kò mọ ọ̀nà. Máàpù ló mọ ọ̀nà.

Ohun tí ẹ máa wò kí ẹ tó sanwó

Àkọ́kọ́: ẹ béèrè bóyá máàpù Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ àdúgbò yín sí i, kí ẹ rí i bó bá yọ. Ìdí tí a fi ń kọ́ ìwé kíkọ nìyí.

Ìkejì: ẹ wo ọjọ́ orí máàpù náà. Ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tuntun ní Òṣòdì. Ọdún 2020 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná Òṣòdì sí Abúlé-Ẹ̀gbá. Máàpù tí wọ́n yà ṣáájú ìgbà náà kò gbọ́ nípa wọn. Ẹ béèrè bóyá a lè fi máàpù tuntun rọ́pò rẹ̀, àti iye tó máa náni.

Ìkẹta: ẹ gbé mọ́tò jáde síta gbangba kí ẹ tó dán an wò. Lábẹ́ páànù àti lábẹ́ bíríìjì, ohùn sátẹ́láìtì kì í dé dáadáa. Eriali rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí gíláàsì, kì í ṣe lábẹ́ irin.

Ìkẹrin: ẹ wò ó bóyá ojú ẹ̀rọ náà lè gba máàpù inú fóònù yín. Máàpù Google ṣeé gbà sílẹ̀ sínú fóònù ṣáájú ìrìn àjò, ó sì máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ìròyìn gò-sílòó ló ń fẹ́ dátà. Ní tiwa, irú ẹ̀rọ báyìí dára fún ará Èkó ju èyí tí máàpù ìlú òyìnbó há sínú rẹ̀ lọ. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan lé owó mọ́tò nítorí máàpù Amẹ́ríkà.

Ìwà ọmọlúàbí lójú ọ̀nà

Àwọn kan máa ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ LASTMA tó ń darí ọkọ̀ pé: "Ẹ̀rọ ló ní kí n gbabẹ̀." Èyí kò dára. Ẹ̀rọ kò ní láísẹ́ǹsì, ẹ̀yin lẹ ní i. Ní ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, títì ńlá àti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ lè fi ọ̀kan pe èkejì. Máàpù kò mọ̀ pé wọ́n ti ti géètì àdúgbò lálẹ́, tàbí pé wọ́n ta kánópì sójú títì nítorí ìnáwó. Ojú yín ló gbọ́dọ̀ rí èyí. Tí àmì ojú ọ̀nà bá ní ẹ má wọlé, tí ẹ̀rọ ní kí ẹ wọlé, ti àmì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìjọba Èkó máa ń gbẹ́sẹ̀ lé mọ́tò tó bá gba wọ́nwéè.

Ẹ kọ ibi tí ẹ ń lọ sínú ẹ̀rọ kí mọ́tò tó gbéra. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lórí ìrìn. Tó bá sì rú yín lójú, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kí èèyàn, kí ẹ béèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìbéèrè

1. Kí ni sátẹ́láìtì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀?
2. Ta ló mọ ọ̀nà?
3. Mọ́tò kan ti Bẹ́ljíọ̀mù dé, ó ní ẹ̀rọ afọ̀nàhàn. Kí lẹ máa kọ́kọ́ wò?
4. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé yín sínú ìwé yín: nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà, àdúgbò. Tí nọ́ńbà kò bá sí lára ògiri ilé yín, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà kí ẹ tó wá sí kíláàsì tó ń bọ̀, kí ẹni tó ń wá yín lè rí yín.