Ọkọ̀ Elépo àti Ọkọ̀ Oníná: Èwo Ni Iṣẹ́ Inú Rẹ̀ Díjú Jù?

  

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, bí wọ́n bá ti ṣe wòlíìmọ̀ tán, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni wọ́n ń lọ kọ́. Ọkọ̀ tí ń lo iná mọ̀nàmọ́ná sì ti ń pọ̀ sí i láyé. Àwọn kan ń sọ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ènìyàn ń kọ́. Ǹjẹ́ òótọ́ ni?

1. Ọkọ̀ elépo

Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bẹntiróòlù, iṣẹ́ mẹ́rin ló ń tẹ̀ lé ara wọn nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan: afẹ́fẹ́ àti epo yóò wọlé, pístìnì yóò fún wọn pọ̀, pọ́lọ́ọ̀gì yóò ta iná sí wọn, tí pístìnì yóò fi sáré lọ sísàlẹ̀, èéfín yóò sì jáde. Ìgbà méjì ni kiranki yóò yí kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó pé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí kiranki bá yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, sìlíńdà kan yóò ta iná ní ìgbà 1,500. Bí sìlíńdà bá jẹ́ 4, ó di ìgbà 6,000!

Pístìnì ń lọ sókè sódò, bẹ́ẹ̀ yíyí ni táyà ń yí. Kiranki ló ń sọ lílọ-bíbọ̀ di yíyí. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwọn Mùsùlùmí àtijọ́: al-Jazari, tí ó kọ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀rọ parí ní ọdún 1206, lo kiranki nínú ẹ̀rọ tí ń fa omi sókè, àmọ́ tirẹ̀ ń sọ yíyí di lílọ-bíbọ̀.

Ẹ́ńjìnnì kì í lágbára bí ó bá ń yí jẹ́jẹ́, ìdí nìyí tí ó fi nílò kílọ́ọ̀ṣì àti gíà. Ó ń gbóná, ó nílò rediétọ̀. Irin ń ha irin, ó nílò ọ́ìlì. Ìṣòro kan ló ń bí òmíràn.

2. Ọkọ̀ oníná

Ẹ wo fáànù tí ń fẹ́ wa nínú mọ́sálásí. Kò ní pístìnì, kò rú èéfín. A tan iná, ó yí. Ìpìlẹ̀ kan náà ni ti ọkọ̀ oníná. Iná tí ó bá gba inú wáyà tí a wé kọjá a máa di òòfà, òòfà yìí ni yóò sì máa yí ọ̀pá àárín. Láti ìdúró ni ó ti lágbára, nítorí náà gíà kan ṣoṣo ló tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí a bá fẹ́ rìn sẹ́yìn, iná náà ni a ó darí kí ó yí sódì.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọkọ̀ oníná ni Camille Jenatzy, ará Bẹ́ljíọ̀mù, wà ní 1899 tí ó fi kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, èyí tí ọkọ̀ kankan kò tíì ṣe rí. Kí ló wá dé tí elépo fi borí? Lára ohun tí ó fà á ni pé bátìrì ìgbà náà wúwo, kò sì gbé iná púpọ̀.

3. Ibi tí ìdíjú sá lọ

Bátìrì òde òní dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni wàhálà kó sí. Tesla Roadster tí ó jáde ní 2008 ní ẹyọ bátìrì kéékèèké 6,831. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà gbóná jù, kí wọ́n má sì gbiná. Ínfátà kan, tí ó jọ ti ilé ṣùgbọ́n tí ó gbọ́n jù ú lọ, ni yóò máa wọn iná fún ẹ̀rọ bí awakọ̀ bá ti ń tẹ ẹsẹ̀.

4. Èrè ẹ̀kọ́ yìí

Ohun tí ń yí nínú ọkọ̀ oníná kéré, ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ kò kéré. Ìdíjú kúrò lára irin, ó bọ́ sínú iná àti ìṣirò. Mẹkáníìkì lè fi etí mọ ibi tí ń dun ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n iná kì í pariwo kí ó tó pani. Bátìrì ọkọ̀ elépo jẹ́ fóólùtì 12. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná tó 400. Ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ pé ọmọ tí yóò kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kò nílò ìwé. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe sá fún hísáàbù. Òun ni a fi ń pín ogún, òun náà ni a ó fi tún ọkọ̀ ọ̀la ṣe.

Kí Ọlọ́hun lé wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní. Àmín.