Ṣé ẹnì kan náà ni gbogbo Orlando wọ̀nyí?

ÌBÉÈRÈ: Láti Ìpele, nítòsí Ọ̀wọ̀, ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fíìmù òyìnbó àtijọ́ kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ronald Reagan tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ dúdú kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tẹnu rẹ̀ jáde. Ọmọ náà ní Orlando Martins, ọmọ Èkó, nìyẹn. Bàbá kan ládùúgbò ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé oníjàkadì ni Orlando Martins, ó sì tún máa ń fi ejò dárà. Ẹlòmíì ní àgbàlagbà tó wà nínú fíìmù Kongi's Harvest ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Orlando Owoh tiwa ni wọ́n ń sọ. Ta ni ká gbà gbọ́? Bó bá sì jẹ́ òun náà ni, báwo ni ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣe di gbajúmọ̀ òṣèré?

ÌDÁHÙN: Ohun tó ń rú yín lójú, bí mo ṣe gbọ́ ọ yé, ni bí ọkùnrin kan ṣe lè jẹ́ ọmọ ogun tí kì í sọ̀rọ̀, kó jẹ́ oníjàkadì, kó tún jẹ́ bàbá àgbà nínú fíìmù ilẹ̀ wa. Ẹnì kankan kò purọ́ fún yín. Orlando Martins kan náà ni gbogbo wọn, ibi tí kálukú ti bá a pàdé nínú ayé rẹ̀ ló yàtọ̀.

Orlando Owoh nìkan ló jẹ́ ẹlòmíràn. Ọdún 1932 ni wọ́n bí i, Stephen Ọládipúpọ̀ Owómóyèlá sì ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ifọ̀n ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀, nítorí náà ẹ̀tọ́ ẹ̀gbọ́n yín ni láti pè é ní tiwa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe kó tó bá ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá lọ, níbi tó ti ń lùlù tó sì ń kọrin. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní yà á lẹ́nu pé alábàárù lè di òṣèré.

Alábàárù ni Martins, ní ọjà ẹja Billingsgate ní London. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1899. Orúkọ Martins kò sọ ọ́ di àlejò níbẹ̀, irú orúkọ táwọn Àgùdà mú bọ̀ láti Brazil ni, Pópó Àgùdà sì kún fún irú rẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì fìdí kalẹ̀ sí London ní 1919. Iṣẹ́ kì í yá rí fún aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ nígbà náà, ohun tó bá sì yọjú ni yóò ṣe. Ó bá ẹgbẹ́ Sanger, àwọn tó ń kó ẹranko káàkiri láti fi dá àwọn èèyàn lára yá, ṣiṣẹ́. Ejò ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ó jà gẹ́gẹ́ bí oníjàkadì, "Black Butcher Johnson" sì ni orúkọ tó ń jẹ́ lójú ìjà. Bàbá àdúgbò yín mọ ohun tó ń sọ.

Láàárín iṣẹ́ wọ̀nyí ló ti ń dúró nínú èrò fún àwọn tó ń ya fíìmù tí kò tíì ní ohùn. Wáká-páàsì làwọn òṣèré wa ń pe irú ipò bẹ́ẹ̀ lónìí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un ní ọ̀rọ̀ sọ. Ó wà nínú Sanders of the River ní 1935 pẹ̀lú Paul Robeson, òṣèré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, fíìmù kan náà tí Jomo Kenyatta, tó padà di ààrẹ Kenya, ti dúró láàárín èrò. Ní 1936, òun àti Robeson tún jọ wà lórí ìtàgé ní London nínú eré tí C. L. R. James kọ nípa Toussaint Louverture, akọni Haiti. Ní 1946 ló ṣe Magole, babaláwo inú Men of Two Worlds, ipa tó gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó sì gba agbára.

Èyí gbé wa dé orí fíìmù tí ẹ wò. The Hasty Heart ni, ti 1949. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Bọ́mà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, Bọ́mà tí àwọn bàbá wa náà lọ jà. Ọmọ Scotland kan wà níbẹ̀, Lachie, tí àìsàn kíndìnrín máa pa láìpẹ́, tí kò sì mọ̀. Dókítà sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n ṣe é lóore. Martins ni Blossom, ọmọ Basuto tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló lè pè. Nígbà tí Lachie wá mọ̀ pé òun ń kú lọ, inú bí i: ó ní àánú lásán ni gbogbo ìfẹ́ tí wọ́n ń fi hàn òun, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Blossom wá gbé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn fún un, ó kọ̀ ọ́. Ìgbà náà ló tó yé e pé Blossom kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ àìsàn òun, pé kò sí bó ṣe lè mọ̀. Ìfẹ́ tirẹ̀ kò lè jẹ́ àánú. Orí ìyẹn ni ọkàn Lachie ti rọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ibẹ̀ wò. Bí Blossom bá lè sọ̀rọ̀, ìtàn náà bàjẹ́. Àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni gbogbo eré náà dúró lé, ojú àti ọwọ́ nìkan ni Martins sì ní láti fi gbé e. Richard Todd tó ṣe Lachie ni wọ́n dárúkọ fún ẹ̀bùn Oscar, ó sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sí bí Lachie ṣe lè yí padà lójú wa bí a kò bá gba Blossom gbọ́. Orí ìtàgé London ni Martins ti kọ́kọ́ ṣe Blossom ní 1945, kí wọ́n tó fi ṣe fíìmù. Iṣẹ́ tó mọ̀ dénú egungun ni. Òṣèré tí kì í ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn ni, àmọ́ kì í ṣe wáká-páàsì mọ́.

Lẹ́yìn náà ó ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ó wà nínú The Nun's Story ti 1959 pẹ̀lú Audrey Hepburn, àti Sammy Going South ti 1963 pẹ̀lú Edward G. Robinson. Ìlú Áfíríkà tí òyìnbó bá kọ sínú eré ni yóò di ọmọ ibẹ̀: Kenya lónìí, Congo lọ́la. Kí n má fi pamọ́ fún yín, púpọ̀ nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí kò fi ojú rere wo wa. Robeson fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ pé òun ṣe Sanders of the River. Síbẹ̀, nínú ipa kéékèèké tí wọ́n fún Martins, ó máa ń dúró bí ẹni tó ní ilé tó sì ní ìran, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

Ní 1959 ló padà wálé sí Èkó, àmọ́ kò dáwọ́ fíìmù dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí i ní àgbàlagbà nínú Kongi's Harvest, tí Francis Ọládélé gbé jáde ní 1970, tí Wọlé Ṣóyínká tó kọ eré náà fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi. Ó tún wà nínú fíìmù tí wọ́n ṣe láti inú ìwé Chinua Achebe ní 1971. Èkó náà ló kú sí ní 1985.

Bí ìyàn bá tún bẹ́ sílẹ̀, ẹ ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wá Men of Two Worlds, kí ẹ fi ojú Magole wé ojú Blossom. Kí ẹ sì ka orúkọ àwọn òṣèré tí wọ́n máa ń kọ sójú fíìmù, ẹ ó bá tirẹ̀ níbẹ̀.