Ìmọ̀ràn Àgbà Fún Ọ̀dọ́ Tí Ń Fi Kóòdù Ya Fídíò

Fídíò tí kóòdù bá yà kì í ṣe odindi ohun kan lójú kọ̀ǹpútà. Àwòrán tí kò mira ni, tí a tò tẹ̀ lé ara wọn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní férémù, bẹ́ẹ̀ ni fídíò ìṣẹ́jú 1 tó ń lo férémù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò gba férémù 1,800 gbáko. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó bá ṣòfò lórí férémù kọ̀ọ̀kan yóò di ìṣẹ́jú 3 kí iṣẹ́ tó parí, oníbàárà tó ń dúró lórí ìkànnì á sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó bá rí i pé iṣẹ́ ń falẹ̀ máa ń sáré lọ háyà sáfà ńlá, tàbí kí wọ́n di ẹ̀bi ru FFmpeg, ètò ọ̀fẹ́ tí Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, tó ń fún férémù pọ̀ di fáìlì fídíò. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo iye àkókò tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń gbà, torí pé níbi tí bíráósà bíi Chrome bá ti ń ya férémù lábẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Remotion, ètò kan tó ń fi kóòdù ya fídíò, ti ń lò ó, yíyà náà ló sábà máa ń jẹ àkókò. Òjìji àti àwọ̀ bàìbàì tí a fi CSS ṣe dùn ún wò, ṣùgbọ́n lórí sáfà tí kò ní GPU, ìyẹn ẹ̀rọ tí a dìídì ṣe fún àwòrán, wọ́n ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn púpọ̀. Bí wọn kò bá yí padà, kí ọ̀dọ́ yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, kó fi wọ́n pamọ́ bí àwòrán lásán, kó máa tẹ́ wọn sábẹ́ ìyókù.

Férémù tí a fi pamọ́ bíi fáìlì àwòrán JPEG máa ń tètè jáde ju ti PNG lọ, nítorí náà PNG yẹ kìkì níbi tí a bá ti fẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn àwòrán hàn. Kí a sì darí férémù tààrà sínú FFmpeg, dípò kíkó wọn sórí dísìkì kí a tún padà kà wọ́n.

Pípín fídíò sí abala, kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ máa yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ni ọ̀nà tó yára jù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà. Nọ́ńbà férémù nìkan ló gbọ́dọ̀ pinnu ohun tó wà nínú rẹ̀. Kóòdù tó bá ń wo aago, tàbí tó ń mú nọ́ńbà bó ṣe wù ú, yóò jẹ́ kí abala kejì ta ko àkọ́kọ́, àwòrán yóò sì fò lójú ẹni tó ń wò ó. Kí abala kọ̀ọ̀kan fi férémù tó dá dúró fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí a lè so wọ́n pọ̀ láì tún wọn fún pọ̀. Ohùn ní tirẹ̀, odindi ni kí a ṣe é, nítorí pé AAC, ọ̀nà tí a fi ń fún ohùn pọ̀, máa ń fi àlàfo díẹ̀ kún ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, etí á sì gbọ́ ọ níbi ìsopọ̀.

Abala wọ̀nyí tún wúlò lẹ́yìn náà: bí oníbàárà bá yí orúkọ kan padà nínú fídíò rẹ̀, abala tí orúkọ náà wà nìkan ni kí a tún yà, kí a mú ìyókù láti ibi tí a tọ́jú wọn sí.