Bẹ́ẹ̀ Ni Tàbí Rárá: Yorùbá Tó Wà Lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Wa

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ènìyàn ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì lè bi í pé: “You haven't eaten today, have you?” Ó fẹ́ mọ̀ bóyá inú aláìsàn ṣófo ni. Bí oúnjẹ bá wà níkùn nígbà tí wọ́n bá fi oògùn kun ènìyàn lóorun, oúnjẹ náà lè gòkè wá kó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọmọ Yorùbá tí kò fi nǹkan kan ẹnu láti alẹ́ àná yóò dáhùn pé “Yes.” Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni “Bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì jẹun.” Ohun tí nọ́ọ̀sì lè gbọ́ ni pé ó ti jẹun. Bí nọ́ọ̀sì kò bá tún un béèrè, wọ́n lè sún iṣẹ́ abẹ náà sí ọjọ́ mìíràn. Ti ẹni tó ti jẹun tún burú jù: “Rárá o, mo ti jẹun” ló wà lọ́kàn tirẹ̀, ó wá fi “No” nìkan dáhùn, wọ́n sì gbà pé inú rẹ̀ ṣófo.

Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹni tó béèrè ni a ń dá lóhùn: “bẹ́ẹ̀ ni” ń sọ pé bí o ṣe wí i gan-an ló rí, “rárá” ń sọ pé kò rí bí o ṣe wí i. Gẹ̀ẹ́sì kì í wo bí wọ́n ṣe béèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń wò. Bí “not” yóò bá wà nínú gbólóhùn tí o máa fi dáhùn, “No” ni yóò ṣíwájú. Bí kò bá ní sí níbẹ̀, “Yes” ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi “Yes” tàbí “No” sílẹ̀ lóun nìkan níwájú dókítà, agbẹjọ́rò tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ fi ìrù sí i: “No, I haven't eaten.” “Yes, I ate at seven.” Ìrù yẹn ni yóò gbà yín bí orí bá ṣi ọ̀nà.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí ohun tí mo gbà gbọ́ nípa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí Yorùbá ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àìmọ̀wé rárá. Òfin Yorùbá ni a ń pa mọ́ dáadáa, níbi tí òfin mìíràn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì òun gún, kó kọ́kọ́ yẹ Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ̀ wò.

Ní Nunhead níhìn-ín, ní London, ènìyàn lè gbé ayé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Láti Evelina Road, ẹsẹ̀ lásán ló gbé ọ dé Rye Lane ní Peckham, níbi tí o ti lè ra èlùbọ́, pọ̀nmọ́ àti ẹ̀wà olóyin, kí o ná ọjà dé góńgó, láìsọ ju “thank you” kan lọ. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wà, dókítà wà, káńsù wà, Home Office náà sì wà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń wá ìwé ìgbélùú títí láé ní láti yege ìdánwò Life in the UK, kí wọ́n sì tún fi ẹ̀rí hàn pé àwọn lè sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn sì lè gbọ́ ọ, dé ìpele B1. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba Britain yọ̀ǹda ẹ̀rí yìí fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé ìwé wa. Ó ń dun àwọn ènìyàn, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé gba oyè tó wá ń wá ẹ̀rí pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kó dùn ún. Ohun tó jẹ mí lógún lónìí ni pé ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ESOL, kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn elédè mìíràn, gbogbo ayé ni wọ́n kọ ọ́ fún. Kò mọ ibi tí Yorùbá ti ń fà wá láṣọ.

Ẹ wo “ó.” “Ó ti dé” lè jẹ́ ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ tàbí bọ́ọ̀sì P12. A kò ní ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lọ, kò sì tíì dí wa lọ́wọ́ rí. Gẹ̀ẹ́sì fi dandan lé e pé kí o yà wọ́n sọ́tọ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá lanu. Ìyá tó ń sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ fún olùkọ́ á ní “he has a cough,” olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọkùnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kíka òfin sórí kò wo èyí sàn. Àwòrán ẹbí ló ń wò ó sàn: ẹ mú fóònù, ẹ nàka sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀ sókè, “she,” “her,” “hers,” kí ẹ tó bọ́ sórí ẹlòmíràn. Etí ló ń kọ́ ọ, ojú kọ́.

Ìdí kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì wa tún fi máa ń sọ ìparí ọ̀rọ̀ nù. Iwájú ni Yorùbá ń kó ẹrù sí. “Mo lọ, mo ti lọ, mò ń lọ, n óò lọ”: “lọ” kò yí padà lẹ́ẹ̀kan, ohun tó ṣíwájú rẹ̀ ló ń sọ ìgbà. “Ọmọ” di “àwọn ọmọ,” iwájú náà ni. Ẹ̀yìn ni Gẹ̀ẹ́sì ń kó ti rẹ̀ sí: “walks,” “walked,” “walking,” “books.” Fi kún un pé fáwẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ Yorùbá fi ń parí, ì báà jẹ́ ti ẹnu tàbí ti imú, kò sí “d,” “t” tàbí “s” nídìí rẹ̀. Etí tí irú èdè bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà kì í dúró gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Òun ni “He ask me yesterday” fi ń jáde lẹ́nu ẹni tó mọ òfin náà dunjú nínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kó máa ka ìwé sókè, kó sì fa ìdí ọ̀rọ̀ gùn jù bó ṣe yẹ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Kí a yẹ Yorùbá wò kí a tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà yẹn kì í ṣe tuntun. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun ojú omi Britain gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹrú ṣòwò, Freetown ló sì ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1843, ọdún tí wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní London, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ìlú kan náà: apá kan láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, apá kejì láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, òfin gírámà Yorùbá ló sì fi ṣíwájú méjèèjì. Ọkùnrin tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rò pé kí òun gbé Yorùbá jù kí òun tó lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ló tẹ́ wọn sí.

Bí a bá tẹ́ wọn bẹ́ẹ̀, “yá” ni ẹ óò kọ́kọ́ rí. “Yá mi lówó” àti “mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀”: ọ̀rọ̀ kan ló ń ṣe iṣẹ́ méjì, “lọ́wọ́” ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ibi tí “lọ́wọ́” bá ti wọlé, “borrow” ni, “from” sì ni yóò tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ “yá mi,” “lend me” ni. “Borrow me your pen” kò sí. “Kọ́” náà rí bẹ́ẹ̀: “mo kọ́ Yorùbá” jẹ́ “learn,” “mo kọ́ ọ ní Yorùbá” jẹ́ “teach.” “Gbọ́” ló gba ìṣọ́ra jù, nítorí pé a ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ èdè, a sì ń gbọ́ òórùn. Nínú ilé tó ń lo gáàsì, ẹni tó bá pe nọ́ńbà pàjáwìrì tó ní “I am hearing gas” lè fi ìṣẹ́jú pàtàkì ṣòfò kí wọ́n tó lóye rẹ̀. “I can smell gas” ni.

“Advice” àti “advise” ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, àwọn onígẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní Yorùbá, fáwẹ̀lì iwájú ló ń sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ti di ọ̀rọ̀-orúkọ: kọ́, ẹ̀kọ́, fẹ́, ìfẹ́, ṣe, ìṣe. Níhìn-ín, ẹ wo ẹ̀yìn: “c” fún orúkọ, “s” fún ìṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni “practice” àti “practise,” “licence” àti “license,” bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n ní Britain. Ohùn “z” ló wà nínú “advise”; Yorùbá kò ní “z,” ìdí nìyẹn tí a fi ń pe méjèèjì bákan náà, tí ọwọ́ sì ń kọ ohun tí ẹnu pè. Kò tún sí “an advice” tàbí “advices,” bí a tilẹ̀ lè gba ẹnì kan ní ìmọ̀ràn méjì lọ́jọ́ kan. “Luggage,” “furniture” àti “equipment” kò gba “s” bákan náà.

Àwọn gbólóhùn mìíràn wà tí gírámà wọn pé, síbẹ̀ tí wọ́n ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Olùtọ́jú á dìde kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì, á kọjú sí ilẹ̀kùn, á ní “I'm coming.” Ìyá àgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rí i pé ó ń lọ ni, kì í ṣe pé ó ń bọ̀. Nínú “mò ń bọ̀” wa, lílọ àti àbọ̀ wà pa pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí o sọ pé “I'll be right back.” Bí ẹnì kan bá sì ṣe iṣẹ́ tó dára, a máa ń sọ pé “o gbìyànjú,” ìyìn gidi ni. “You tried” lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé o ṣe é, kò bọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́ níbi iṣẹ́ nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó sọ ọ́ kò sì mọ ohun tí òun ṣe. Ẹ sọ pé “well done.” Ti “pẹ̀lẹ́” yàtọ̀ díẹ̀: bí aládùúgbò bá fẹsẹ̀ kọ, “sorry” wa ń yà á lẹ́nu, á ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. “Are you all right?” ló ń wá.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó yàtọ̀ ló jẹ́ àṣìṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Oxford English Dictionary gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wọlé, “next tomorrow” wà lára wọn. “Ọ̀túnla” tiwa ló bí i, ó sì tọ́ ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá ń gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà ní Nunhead, ẹ lo “the day after tomorrow,” kí ẹ má baà débẹ̀ lọ́jọ́ tí orúkọ yín kò sí nínú ìwé. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń sọ, ibi tí ẹ ti ń sọ ọ́, àti ẹni tó ń gbọ́.

Àwọn ọmọ wa náà ń jẹ gbèsè ní òdìkejì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi wọn Yorùbá. Nítorí pé “wear” ń ṣe gbogbo rẹ̀, wọ́n á ní “mo fẹ́ wọ fìlà,” “Mummy wọ gèlè.” A ń wọ ẹ̀wù, a ń wọ bàtà, ṣùgbọ́n a ń dé fìlà, a ń wé gèlè, a ń ró ìró. “Break” náà ń tàn wọ́n: àwo ń fọ́, igi ń dá, okùn ń já. Èyí tó dùn mí jù ni “ṣé o ti jẹun?” tí ọmọ ń bi ìyá ìyá rẹ̀, nítorí pé “you” kan ṣoṣo ló mọ̀. Ẹ má nà án, ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sọ ọ́ padà fún un bó ṣe yẹ, “ṣé ẹ ti jẹun, Màmá?”, kó tún un sọ, kó lọ.

Ọmọ yìí kan náà ló yẹ kó jẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yín. Ẹ pín alẹ́ sí méjì: ó kọ́ yín ní ìdí ọ̀rọ̀, ẹ kọ́ ọ ní dé, wé àti ró. Bí ilé bá há tàbí ariwo pọ̀, ilé ìkàwé Nunhead wà ní Gordon Road, láti 1896 ló ti wà níbẹ̀. Ẹ mú ìwé àjákọ kan dání, ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ fúnra yín sọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà sí apá òsì, Yorùbá tó bí i sí àárín, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ sí apá ọ̀tún. Gbólóhùn tó ti ẹnu yín jáde kọ́ni ju ọgọ́rùn-ún tí ẹ bá nínú ìwé lọ.

Ẹ fi mẹ́rin yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ wá Yorùbá inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tún un ṣe: “Please borrow me twenty pounds.” “My daughter is sick, he didn't go to school.” “The doctor gave me two advices.” “Don't you have a child here?” “Yes, I don't have.”