Itẹ́ Òkú Père Lachaise ní Ìlú Párísì

Láyé àtijọ́, inú ilé ni àwọn baba ńlá wa ń sin àwọn àgbà wọn sí; ẹni tí ó bá kú ikú àìda ni wọ́n ń gbé lọ sínú igbó. Nítorí náà, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti mọ bí ó ti rí lára àwọn ará Párísì, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n máa gbé òkú wọn lọ sẹ́yìn odi.

Kí àṣẹ náà tó dé, àyíká ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ìlú ni wọ́n ń sin òkú sí. Itẹ́ òkú tí ó lókìkí jù lọ wà lẹ́bàá ọjà ńlá, ó sì ti ju 600 ọdún lọ tí wọ́n ti ń sìnkú síbẹ̀. Inú kòtò kan náà ni wọ́n ń kó òkú ọ̀pọ̀ tálákà sí. Ní ọdún 1780, ògiri yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé kan tí ó bá ibẹ̀ pààlà wó, òkú sì ya wọ inú ilé náà. Ìjọba ti itẹ́ òkú náà pa. Láti ọdún 1786, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn egungun kúrò níbẹ̀. Òru ni wọ́n ń kó wọn, nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí a fi aṣọ dúdú bò, lọ sínú àwọn ihò tí a ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀.

Ní ọdún 1804, nígbà ìjọba Napoleon, wọ́n ṣí itẹ́ òkú titun sórí òkè kan ní ìlà-oòrùn ìlú. Àlùfáà La Chaise, ẹni tí Ọba Louis Kẹrìnlá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún, ti gbé orí òkè náà rí, òun ni a sì fi sọ ibẹ̀ ní Père Lachaise. Wọ́n la ọ̀nà sí i, wọ́n sì gbin igi, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò fẹ́ ẹ. Òkú 13 péré ni wọ́n sin síbẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Àwọn aláṣẹ wá dá ọgbọ́n kan. Ní ọdún 1817, wọ́n gbé egungun tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ti Molière, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé eré oníṣe, lọ síbẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin yìí kú ní ọdún 1673, àwọn àlùfáà kọ̀ láti sin ín nítorí pé eléré ni. Ọba ni ó bá wọn sọ ọ́, òru ni wọ́n sì sin ín. Ẹni tí a sin bí ẹni tí a ń fi pamọ́ ni ó wá di ẹni tí àwọn ọlọ́lá ń fẹ́ sùn tì. Nígbà tí ó fi di ọdún 1830, ibojì ibẹ̀ ti tó 33,000.

Ní ọdún 1871, àwọn ará Párísì kan dá ìjọba tiwọn sílẹ̀, ogun sì bẹ́ láàárín wọn àti ìjọba ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ogun náà ń parí lọ, wọ́n jà láàárín àwọn ibojì. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ogun ìjọba to 147 nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ sí ara ògiri itẹ́ òkú náà, wọ́n yìnbọn pa wọ́n, wọ́n sì sin wọ́n sínú kòtò kan lẹ́sẹ̀ ògiri ọ̀hún. Thiers ni olórí ìjọba nígbà náà. Nígbà tí òun náà kú ní ọdún 1877, Père Lachaise kan náà ni wọ́n sin ín sí, wọ́n sì kọ́ ilé gàgàrà lé e lórí.

Lónìí, ìlú ti gbòòrò yí òkè náà ká, itẹ́ òkú náà sì tó 44 hẹ́kítà. Àwọn àgbà ní òkú kò mọ iye tí a ra àgọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Thiers kò mọ ilé tí ó wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn 147 kò mọ òdòdó tí a ń tò sẹ́sẹ̀ ògiri wọn lọ́dọọdún. Àwa alààyè ni ọlá òkú ń fi hàn.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí ìjọba ti itẹ́ òkú ẹ̀bá ọjà pa?
2. Ọgbọ́n wo ni àwọn aláṣẹ dá kí àwọn ènìyàn lè fẹ́ Père Lachaise?
3. Ṣàlàyé gbólóhùn tí ó kẹ́yìn àyọkà yìí ní ọ̀rọ̀ ara rẹ.