Ta Ló Ni Àwo? Ẹ̀kọ́ Lára King Sunny Adé

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àwọn ọ̀dọ́ olórin pọ̀ ní Ìgàndò tí mò ń gbé, wọ́n ń wá ilé-iṣẹ́ ńlá tí yóò gbé orin wọn jáde. Mo ní kí wọ́n wo King Sunny Adé. Ó kúrò ní African Songs, ó sì dá Sunny Alade Records tirẹ̀ sílẹ̀. Island Records ti London gbé Juju Music jáde fún un ní 1982, Synchro System ní 1983, Aura ní 1984. Síbẹ̀, kò dáwọ́ àwo tó ń gbé jáde nílé dúró. Nígbà tí àdéhùn Island parí, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ nílé ṣì wà. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ bèèrè: ta ló ni àwo?