Yíyẹ Àtúnṣe Ìgbì Abẹ́ Ilẹ̀ Wò Lójú Àwòrán Àròpọ̀

1. Ìfáàrà

Ohun méjì ni a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkíní ni láti ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ tí ń fi ìgbì wá epo rọ̀bì ṣe ń mọ̀ bóyá àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí àkọsílẹ̀ wọn péye. Èkejì ni láti dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè fi ṣe àlàyé náà ní èdè Yorùbá. A kò ya iṣẹ́ méjèèjì nípá, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí kò bá fi iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe hàn yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, bó ti wù kí ó dùn létí tó.

Kókó yìí kò jìnnà sí wa. Ní 1956 ni wọ́n rí epo tó tó tà ní Oloibiri, ní agbègbè Niger Delta níbi tí Odò Ọya ti ń ṣàn wọ òkun. Gbígbẹ́ kànga epo gba owó púpọ̀. Bí àwòrán tí a gbẹ́kẹ̀ lé bá ṣì wá lọ́nà, ibi tí kò sí epo ni a ó gbẹ́.

2. Ipa ìgbì àti àròpọ̀ rẹ̀

A máa ń mú kí dáínámáìtì bú gbàmù nínú ihò kékeré. Ìgbì yóò wọ inú ilẹ̀ lọ. Níbi tí ìpele àpáta kan bá ti pàdé òmíràn, díẹ̀ nínú ìgbì náà yóò padà sókè bíi gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ agbàgbì tí a tò sójú ilẹ̀ ni yóò gbà á. Ìlà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá kọ sílẹ̀ ni a pè ní ipa ìgbì. Ara ipa ẹsẹ̀ ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà: ohun tí ó kọjá ni ó fi í sílẹ̀. Kí olùkọ́ kíyè sí àmì ohùn; ipa ni, kì í ṣe ipá tí í ṣe agbára.

Ipa kan ṣoṣo kì í sábà tó fi ṣe ẹ̀rí, nítorí pé ariwo afẹ́fẹ́, ti ọkọ̀ àti ti ẹsẹ̀ ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, a máa ń gba ọ̀pọ̀ ipa láti ojú kan náà lábẹ́ ilẹ̀, kí ìjìnnà ibi ìbúgbàmù sí ẹ̀rọ agbàgbì sì yàtọ̀ láti orí ipa kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà ni a ó ro wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ní 1956 kan náà ni William Harry Mayne gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní Amẹ́ríkà. Bí a bá ro ipa 16 pọ̀, gbohùngbohùn yóò di ìlọ́po 16, ṣùgbọ́n ariwo tí kò létò yóò di ìlọ́po 4 péré. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí a bá wá to irú ipa àròpọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí àwòrán tí ó dà bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ la ilẹ̀ sí méjì. Èyí ni àwòrán àròpọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un túmọ̀ sí títo nǹkan léra. Ó lè wu ògbufọ̀ láti pè é ní òkìtì tàbí àtòléra. A kò fara mọ́ èyí. Igi ìdáná tí a tò léra ṣì jẹ́ igi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan kì í pa èkejì rẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni a ń ṣe níhìn-ín. Bí òkè ìgbì kan bá bọ́ sórí àfonífojì ìgbì mìíràn, méjèèjì yóò di òfo. Ọ̀rọ̀ náà àròpọ̀ gba èyí mọ́ra, orí rẹ̀ gan-an ni gbogbo àyẹ̀wò tí a fẹ́ sọ dúró lé.

3. Àtúnṣe méjì

Kí a tó ro ipa pọ̀, a gbọ́dọ̀ mú kí gbohùngbohùn kan náà wà ní àkókò kan náà lórí gbogbo wọn.

Àkọ́kọ́ ni àtúnṣe ìjìnnà. Bí ẹ̀rọ agbàgbì bá ti jìnnà sí ibi ìbúgbàmù tó ni gbohùngbohùn yóò ṣe pẹ́ tó. Bí ìpele abẹ́ ilẹ̀ bá tẹ́jú, òfin rẹ̀ nìyí:

T² = T₀² + (X/V)²

T ni àkókò tí ìgbì dé, T₀ ni àkókò tí ìbá dé bí kò bá sí ìjìnnà kankan, X ni ìjìnnà náà, V sì ni ìyára ìgbì. Bí T₀ bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 1, tí X jẹ́ mítà 1,500, tí V sì jẹ́ mítà 2,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, T yóò jẹ́ 1.25. Ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá ni a gbọ́dọ̀ yọ kúrò.

Èkejì ni àtúnṣe ojú-ilẹ̀. Ìpele òkè ilẹ̀ tí ó rọ̀ máa ń fa ìgbì sẹ́yìn, kì í sì nípọn bákan náà níbi gbogbo. Bí ìpele bẹ́ẹ̀ bá nípọn tó mítà 10, tí ìyára inú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 400, ìgbì yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá 0.025 láti la á kọjá. Ìbá ṣe pé ilẹ̀ líle ni, tí ìyára rẹ̀ jẹ́ mítà 2,000, ìbá lo 0.005. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.020. Ìgbì tí ó ń mì nígbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń lo 0.040 fún ìmì kọ̀ọ̀kan. Ìdajì rẹ̀ sì ni 0.020. Nítorí náà, mítà 10 ilẹ̀ rírọ̀ tí a gbàgbé tó láti mú òkè ìgbì bọ́ sórí àfonífojì.

Àtúnṣe ìjìnnà ń yí padà bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí ipa. Àtúnṣe ojú-ilẹ̀ kì í yí padà, gbogbo ipa náà ni a ó sún lọ́gbọọgba. Ìdí nìyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi pè é ní ohun tí ó dúró sójú kan. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé a kò sún ipa rárá. Ohun tí ó fà á ni a fi sọ ọ́ lórúkọ.

4. Ọ̀nà àyẹ̀wò

(a) Kí a ya àwòrán àròpọ̀ ṣáájú àtúnṣe àti lẹ́yìn rẹ̀, ní ìwọ̀n kan náà, kí a sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí àtúnṣe bá dára, ìlà gbohùngbohùn yóò gùn sí i, kò ní já, yóò sì mú.

(b) Kí a ro àwọn ipa tí ó súnmọ́ ibi ìbúgbàmù pọ̀ lọ́tọ̀, kí a sì ro àwọn tí ó jìnnà pọ̀ lọ́tọ̀. Bí ìyára tí a lò bá tọ́, àkókò kan náà ni gbohùngbohùn yóò wà nínú méjèèjì. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí a bá lo 2,500 dípò 2,000, ipa tí ó jìnnà yóò ṣì pẹ́ títí di nǹkan bí 1.097, bí a bá lo 1,500, yóò yá jù, yóò bọ́ sí 0.75.

(d) Kí a ro ipa pọ̀ nípa ibi ìbúgbàmù, lẹ́yìn náà nípa ẹ̀rọ agbàgbì. Bí gbogbo gbohùngbohùn bá fò sókè tàbí sísàlẹ̀ lójú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, àtúnṣe ojú-ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò tọ́.

(e) Níbi tí ìlà méjì bá ti kọjá lára wọn, kí àkókò gbohùngbohùn inú àwòrán méjèèjì dọ́gba. Bí a bá ṣiṣẹ́ lórí ìlà kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a sì ṣe èkejì nígbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ lè ti gòkè láàárín wọn, kí ilẹ̀ rírọ̀ tí ó gbẹ sì ti dín kù.

(ẹ) Bí gbogbo ìpele, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bá tẹ̀ lójú kan náà ní ìwọ̀n kan náà, kí a kọ́kọ́ fura sí ojú ilẹ̀ kí a tó gbà pé òkè wà lábẹ́.

5. Ibi tí àwòrán ti lè tan ni jẹ

Àyẹ̀wò (a) kò tó láti dá dúró. Bí ilẹ̀ rírọ̀ bá ń fẹ́lẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀nà tí ó gùn ju ìlà ẹ̀rọ agbàgbì lọ, àṣìṣe kan náà ni yóò wà lórí gbogbo ipa tí a ń rò pọ̀. Kò sí òkè ìgbì tí yóò bọ́ sórí àfonífojì. Àwòrán yóò dán, ìlà rẹ̀ kò ní já, síbẹ̀ òkè tí kò sí ni yóò máa fi hàn. Bí àṣìṣe náà bá jẹ́ 0.020 ní àlọ àti àbọ̀, tí ìyára sì jẹ́ 2,500, òkè èké mítà 25 ni yóò yọ. Ohun tí ó lè gbani níbẹ̀ ni pé kí a gbẹ́ ihò la ilẹ̀ rírọ̀ kọjá níbi púpọ̀ lójú ìlà, kí a sì wọn àkókò ìgbì nínú wọn ní tààrà.

Ewu kejì wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Bí a bá pa á láṣẹ pé kí ó máa sún ipa títí àròpọ̀ yóò fi tóbi jù lọ, ó lè to ariwo lásán dọ́gba títí yóò fi jọ gbohùngbohùn. Nítorí náà, kí a wo apá àwòrán tí a kò lò nígbà tí a ń ṣírò ìsúnsẹ́yìn-sún-síwájú náà. Bí ìyẹn kò bá dára sí i, kí a má gba èyí tí ó dára gbọ́.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ń tẹnu mọ́ ni pé àwòrán àròpọ̀ lè jẹ́rìí sí àṣìṣe tí ó yàtọ̀ láti orí ipa kan dé èkejì, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí sí èyí tí gbogbo ipa jọ ní. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ̀ pé àròpọ̀ ni, tí kì í ṣe òkìtì, yóò lè fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dé ìpinnu yìí. Igi ganganran má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ojú àwòrán ni ó yẹ kí a ti rí àṣìṣe, kí ó má jẹ́ ìsàlẹ̀ kànga.